Ṣọ́ọ̀kì Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Mi Níwájú Alábẹ̀wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí mo ṣe jágbe mọ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé lójú hẹdimásítà mi, nítorí ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan ṣoṣo!

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni. Tíṣà ni mí l'Érúwà nígbà náà. Mo gun orí ilé lọ pààrọ̀ páànù tí ìjì ṣí, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo sì fi ọrùn balẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ mi méjèèjì kò ti gbé mi mọ́. Apá mi ṣì ń gbéra, ṣùgbọ́n àwọn ìka mi kò lè di nǹkan mú. Tíṣà tí kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú, kí ló kù fún un?

Ní ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ n'Ìbàdàn, obìnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Sísítà. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń fún èèyàn o. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ́ wa bí a ó ṣe tún máa jẹun, wọṣọ, kọ̀wé, pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára tó ṣẹ́kù. Ó rán awọ kan tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ mi, ó ní ihò tí ṣíbí tàbí ṣọ́ọ̀kì ń wọ̀. Ó tún fi hàn mí pé bí mo bá gbé ọrùn ọwọ́ mi sókè, àwọn ìka á ká wá bá àtàǹpàkò fúnra wọn, wọ́n á sì fún nǹkan kékeré mọ́ra. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ!

Lọ́jọ́ tí à ń lọ sílé, ó kìlọ̀ fún ìyàwó mi, Màmá Dúpẹ́, pé ohunkóhun tí mo bá lè ṣe, kí ẹnikẹ́ni má bá mi ṣe é. Ìyàwó mi ní, "A ti gbọ́, mà."

Gbọ́ kẹ̀! Ta ló fẹ́ jókòó máa wo àgbàlagbà kó máa bá ṣíbí jà? Bí mo bá ti nawọ́ báyìí, "Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é, Bàbá Dúpẹ́!" Àwọn tó ti Lánlátẹ̀ wá kí mi pàápàá ń bá mi fi oúnjẹ sẹ́nu. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ mi! Kí oṣù méjì tó pé, orí ìṣó ni awọ Sísítà wà, apá mi sì ti rọ.

Lọ́jọ́ kan ni hẹdimásítà wá sílé. Ó ní alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wò bóyá mo ṣì lè kọ́ni. Bí n kò bá lè fi ọwọ́ ara mi kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ yẹn sì ni ọmọ mẹ́rin fi ń jẹun.

Mo ní kí wọ́n gbé awọ náà wá. Láràárọ̀ ni mo ń kọ nọ́ńbà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi kò lè wò ó, ó á lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó á kọ ẹ̀yìn sí mi. Káfíńtà sọ bọ́ọ̀dù kíláàsì mi kalẹ̀ dé ibi tí apá mi lè dé lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn tí mo ń jókòó sí.

Ọjọ́ pé. Alábẹ̀wò wọlé, ta ni mo rí? Ọmọ tí mo kọ́ ní A-B-D nígbà tí mo wà ní Igangan! Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ rò pé inú mi dùn? Ẹ̀rù ló bà mí. Ọmọ tó mọ̀wà tó báyìí kò ní lè dúró wò mí kí n máa tiraka.

Ó ní kí n kọ ìṣirò kan. Òógùn ti rin awọ Sísítà lọ́wọ́ mi. Mo kọ nọ́ńbà kìíní, ṣọ́ọ̀kì yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

Kí n tó mí, alábẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, ó ti mú un, ó ti kọjú sí bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín kọ ọ́, sà."

Mo wo hẹdimásítà tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wolẹ̀. Bí ọmọ yìí bá bá mi kọ ọ́, kí ló fẹ́ kọ sínú ìwé tó ń mú lọ? Pé èmi ni mo kọ ọ́?

"Fi sílẹ̀! Dá a padà síbi tó bọ́ sí!"

Mo jágbe mọ́ ọ̀gá! Ó dá a padà.

Mo fi apá òsì kọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, mo tẹ̀ bá ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì yí lọ. Mo tún nawọ́, ó tún yí. Bí apá òsì yẹn bá yọ̀ díẹ̀ báyìí, ọrùn ni n óò tún fi balẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, ìka là. Mo gbé ọrùn ọwọ́ sókè bí Sísítà ṣe kọ́ mi, ìka pàdé. Mo mú un! Mo fi eyín tì í wọ inú awọ, mo sì kọ ìṣirò náà tán. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà.

Alábẹ̀wò kọ̀wé tirẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ bo àtẹ̀gùn kí kẹ̀kẹ́ mi lè kọjá, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó sì yára fa ọwọ́ padà. Ó ní, "Sà, ṣé kí n bá yín tì í, àbí kí n dúró?"

Ó ti rẹ̀ mí dé eegun. Mo ní kó tì í.

Iṣẹ́ mi kò bọ́. Nílé, Màmá Dúpẹ́ náà kọ́ láti máa bèèrè kó tó fọwọ́ kan ṣíbí mi, èmi náà sì kọ́ láti má máa sọ pé "bá mi ṣe é" nítorí ọ̀lẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ bi í ná. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ti fi ìfẹ́ gba nǹkan ṣe lọ́wọ́ yín rí, ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ fún wọn tí wọn kò bínú? Èmi, ariwo nìkan ni mo rí pa. Títí dòní, n kò tíì bẹ ọmọ yẹn.