Fíìmù Tí Mo Dá Dúró Níbi Ikú

Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́, ni mo dá fíìmù náà dúró. Ọmọkùnrin mẹ́sàn-án ló jókòó síwájú mi nínú gbọ̀ngàn ìjọ Àgùdà wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àwọn tí mò ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìsìn kí bíṣọ́ọ̀bù tó fi àmì òróró sí wọn lórí. Nínú fíìmù ọ̀hún, ìlú kan fẹ́ ju olè sẹ́nu ẹranko tó ń yọ iná, ni ọmọ ọba bá ní kí wọ́n ju òun dípò rẹ̀. Iná bò ó. Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan dúró kí wọ́n tó rí i pé ọmọ ọba náà jíǹde, bí a ṣe máa ń dúró láti Ọjọ́ Ẹtì Rere di òwúrọ̀ Àjíǹde.

"Ìjọba ò mú iná mànàmáná lọ, Ẹ̀gbọ́n ló mú un lọ!" Wọ́n pariwo, wọ́n rẹ́rìn-ín; Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa ń pè mí.

Ẹni tó dákẹ́ jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, tí èèyàn bá gba ìyà olè jẹ, ṣé wọ́n á fi olè yẹn sílẹ̀ lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí Jésù ṣe fún wa nìyẹn."

Mi ò bi í pé kí ló dé.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ìyá rẹ̀ pè mí. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Muṣin. Bátìrì ọkọ̀ oníbàárà kan ti sọnù ní Sátidé tó kọjá, ọ̀gá rẹ̀ sì ní ẹ̀gbọ́n yìí ló jí i, wọ́n sì ti mú un mọ́lẹ̀. Àbúrò ti lọ bá wọn báyìí pé òun ni olè. Wọ́n ti fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Muṣin. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń fi táyà àti bẹntiróòlù ṣe fún olè. Mi ò lè sọ pé fíìmù ló rán an. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdáhùn tí mo fún un.

Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ètè rẹ̀ ti wú. Táyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni. Táyà kì í wọ́n níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn.

"Ta nìyí?" ọ̀kan nínú àwọn tó yí i ká bèèrè.

"Olùkọ́ rẹ̀ ni mí."

"Ẹ wá wo olùkọ́ olè o!"

Mo kọjú sí ọ̀gá wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mélòó ni bátìrì yẹn sọnù?"

"Aago mẹ́ta ọ̀sán. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ní aago mẹ́ta Sátidé yẹn, iwájú mi ni ọmọ yìí jókòó sí; èmi ni mo fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé orúkọ àwọn tó wá sí ẹ̀kọ́. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á sì padà sídìí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ náà ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo yọ ìwé náà nínú báàgì mi, mo fi hàn wọ́n.

Wọ́n tì í sí mi lára pé kí n máa mú un lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì gun ọ̀kadà. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo mú ọmọ náà lọ sílé wọn.

Oríṣiríṣi nǹkan ni àwọn èèyàn ti sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìgbà náà. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni pé, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá wọn ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n náà fún wa. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti lọ. Báàgì aṣọ rẹ̀ kò sí lórí ìṣó ara ògiri tó máa ń wà mọ́.