Ṣòkòtò Gígùn Tí Kóòṣì Fi Pamọ́

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí àlejò òyìnbó tó ń wá ọmọdé tó máa mú lọ gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun wá wo àwa ọmọ akádẹ́mì bọ́ọ̀lù ní àdúgbò Jahi. Inú ṣì ń bí mi títí di òní.

Ìyá mi a máa jí mi kàwé kí ilẹ̀ tó mọ́, torí bọ́ọ̀lù ló ni ìrọ̀lẹ́ mi. Lọ́jọ́ náà, láti ibi ìdánwò ni mo ti sáré dé pápá. Kóòṣì gba aṣọ ilé-ìwé mi, ó jù ú sínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀.

"Kai! Ṣòkòtò gígùn àwọn ọmọ SS yìí á tú àṣírí wa! Bí wọ́n bá bi ọ́, ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́, JSS1 lo wà."

Mo gbá góòlù wọlé, pápá hó yèè. Àlejò náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó béèrè kíláàsì mi. Kóòṣì gbà á mọ́ mi lẹ́nu: "JSS1 ni!"

Ìyá mi tó wá wòran fò dìde. "Kóòṣì, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi ní ọdún tí mo bímọ?"

Mo kọjú sí àlejò: "SS2 ni mo wà, sà."

Ó mi orí, ó lọ bá ẹlòmíràn. Kóòṣì ní mo ti ba ayé ara mi jẹ́. Mo gba ṣòkòtò gígùn mi, mo wọ̀ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Bí ẹsẹ̀ yìí bá kán lọ́la, ìwé tí kóòṣì ní kí n sẹ́ ló máa bọ́ mi, kì í ṣe òun.