Adìẹ Mi àti Ebè Ata Ìyá

Òórùn imí adìẹ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí lórí ilẹ̀ pupa Idigny, ìlú wa: títí dòní, ara mi kì í balẹ̀ bí mo bá gbọ́ ọ. Ní ọdún kan, mo rí i nínú fídíò Faransé kan pé adìẹ lè ro ọgbà fúnni. Mo fi ọparun ṣe àgò tí kò nísàlẹ̀, mo kó abo adìẹ mẹ́fà sí i, mo sì ń sún un láti orí ebè kan dé òmíràn ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n ń hú koríko tigbòǹgbò tigbòǹgbò, wọ́n ń ṣa ìrẹ̀ jẹ, wọ́n sì ń su ajílẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dógùn-ún.

Ìyá ìyá mi, tí mo ń pè ní Ìyá, tí a sì jọ ń lo ọgbà náà, kò yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ wá wo ọ̀lẹ tó gba adìẹ ní alágbàṣe! Má jẹ́ kí wọ́n dé ìdí ata mi o." Ata náà kì í ṣe ata ọjà. Ìlú Okpomèta ni ìyá tó bí Ìyá ti mú irúgbìn rẹ̀ wá sílé ọkọ, a kò sì rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Lọ́dún yẹn Ìyá gbin gbogbo èyí tó kù nínú àdó, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbìn ín, Ìyá lọ sọ́jà Kétu. Mo gbé ẹ̀gbẹ́ àgò kan sókè kí n lè ya fídíò tèmi. Kí n tó gbójú kúrò lára fóònù, gbogbo adìẹ ti ń fẹsẹ̀ walẹ̀ lórí ebè ata, wọ́n ń ṣa irúgbìn jẹ. Ilẹ̀ tuntun ni adìẹ fẹ́ràn jù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kó wọn padà sínú àgò, mo fọwọ́ tẹ́ ebè náà pẹrẹsẹ, mo tún imọ̀ tò bó ṣe wà.

"Àwọn alágbàṣe rẹ kò débẹ̀ ṣá?"

"Rárá o, Ìyá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá fi bomi rin ebè òfìfo náà láràárọ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ká imọ̀ sókè díẹ̀, wọ́n á yọjú bí ẹni ń wo ọmọ tó sùn. Èmi ni mo ń bá wọn pọnmi. Nígbà tó yá, wọ́n kó imọ̀ dà nù. "Irúgbìn ti darúgbó bíi tèmi. Èmi ni mo fi í pamọ́ pẹ́ jù."

Àwọn èèyàn ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí. Mo ń sọ fún wọn pé pẹ́pẹ́yẹ kì í walẹ̀ bí adìẹ, mo ń sọ iye ọjọ́ tí imí tútù gbọ́dọ̀ fi sinmi kí a tó gbin nǹkan sí i. Ìyá a sì máa fi mí yangàn fún wọn. Ata ti lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ irúgbìn í tọ́jú ju gbogbo wa lọ ṣì gbà pé ọwọ́ òun ló pa á, èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.