Àgbá Tí Wọ́n Bọ́ Ní Àbọ́jù

Ara-ò-balẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe wẹ́dà kan, òun nìkan ló sì rò pé àpọ́nlé ni. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló gbé àgbá ńlá kan sí ẹ̀yìnkùlé, tó ń da èèpo èso àti omi sínú rẹ̀, tó sì ń dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á jẹ èèpo náà, gáàsì tó bá ti ibẹ̀ jáde á sì gba inú rọ́bà lọ sínú àpò kan, láti ibẹ̀ dé ìdí sítóòfù ìyàwó rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ra kẹrosíìnì gbẹ̀yìn.

Àṣeyọrí ló kó bá a. Obìnrin tó ń fún omi ọsàn tà ní kó máa wá kó èèpo, ló bá ń kó o bí ẹni tí wọ́n ń lé, tó ń dà á sínú àgbá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àpò náà wú bí ikùn ẹni tó jẹ àjẹjù. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣáná sí sítóòfù, iná kò ràn. Òórùn kíkan ló gba ojú fèrèsé wọlé tọ ìyá onílé.

Ìyá onílé kò pariwo. "Wẹ́dà, mo ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé. Tí ò bá jó, ẹ gbé e kúrò nílé mi."

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ jòjòló ni ìyàwó wẹ́dà ti ń ṣiṣẹ́. "Ọsàn ti kan nínú rẹ̀," ó ní. "Ọmọ tí inú ń run, ṣé oúnjẹ lẹ máa ń fún un sí i?" Ó bu eérú tó ń pa kíkan àti ìgbẹ́ màlúù tútù tó kún fún àwọn kòkòrò yẹn sí i, ó sì dé e. "Ó yá, ẹ fi í sílẹ̀."

Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìyàwó bá yíjú, ọkọ á ti ṣí ìdérí, afẹ́fẹ́ á sì tún wọlé. Nígbà tí ìyàwó ká a mọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó lé e lọ sílé àbúrò rẹ̀.

Lọ́hùn-ún, gbogbo ohun tó jẹ́ irin ló jó pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn yẹn ò bàjẹ́ o."

"Ó máa tó bàjẹ́."

Ọ̀sán Sátidé ló tó padà. Ìkòkò wà lórí sítóòfù, iná aláwọ̀ aró ń jó lábẹ́ rẹ̀, ìyá onílé sì jókòó tì í.

"Ó jó," ìyá onílé ní. "Kó dúró. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín ni mo bá ṣàdéhùn o. Ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ kàn án."

Wẹ́dà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, ó ń wo iná náà, ó ń ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí ẹsẹ̀ kejì.

"Ṣé àgbá ti jẹun lónìí?"

Ìyàwó rẹ̀ ń ro ọbẹ̀ lọ.