Ojú Ni Mo Fi Tọ́ Ọmọ Mi

Ojú ni ìyá mi fi tọ́ wa. Kì í pariwo, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ nà wá. Bí a bá bá a lọ kí èèyàn, tí onílé gbé oúnjẹ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Bó bá fún ojú pọ̀ díẹ̀, tó sì yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ti mọ ohun tí a ó wí: "A ti yó, mà." Ebi ìbáà máa pa wá kú lọ. Mo rántí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ti gbé dòdò gbígbóná síwájú mi, tí mo ní mo ti yó. Onílé náà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ mà kọ́ eléyìí o!" Ìyá mi di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. N kò tíì gba ẹ̀bùn tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn, ìwé ẹ̀rí yunifásítì pàápàá kò tó o.

Nígbà tí mo wá sí Houston láti kàwé, tí mo gbaṣẹ́, tí mo sì fẹ́yàwó, ohun tí mo mú wá láti ilé nìyẹn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa. Òwúrọ̀ kùtù la ń gbé e lọ sí daycare, ìrọ̀lẹ́ la tó ń rí i, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń tẹnu rẹ̀ jáde. Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni, orúkọ oúnjẹ àti ìbáwí lọ. Ṣùgbọ́n ojú mi yé e yékéyéké. Nínú mall, láàárín àwọn ọmọ tí ń yí gbirigbiri nílẹ̀ nítorí ohun ìṣeré, ẹ̀ẹ̀kan ni n ó wò ó, yóò sì dá ohun tó mú padà síbi tó ti mú un. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí pé ọgbọ́n wo ni mo dá sí i. Èmi náà á gbé àyà, n ó ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí.

Ìyàwó mi nìkan ni kò bá mi yọ̀. "Ẹ lanu yín bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀," ó máa ń wí. "Ààbọ̀ tí ẹ ń sọ yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tó fi ń dí ìyókù?" Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín ni. Ó ti kú báyìí, kò sì sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ọmọ mi mú obìnrin kan wá kí mi nínú apartment mi ní Westchase. Ọmọ mi ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, kò sì mú ẹnikẹ́ni wá rí. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni obìnrin náà, nọ́ọ̀sì ni, kò tíì pẹ́ tó ti Èkó dé, ó ń ṣiṣẹ́ ní Stafford nítòsí Houston. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàsán, sà. Dáádì, ọmọ yín ní ẹ kì í sọ̀rọ̀. Mo ní kò burú, màá sọ tèmi, màá sì bá yín sọ tiyín."

Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fèrèsé wà, oòrùn ọ̀sán sì ta lára gíláàsì mọ́tò kan níta, ó gún mi lójú bí abẹ́rẹ́. Ojú ọ̀hún ti ń yọ mí lẹ́nu fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fún un pọ̀, mo yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n tó yíjú padà, ọmọ mi ti dìde dúró. Ó ní àwọn ò lè pẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ló pè wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbúròó ọmọbìnrin náà mọ́. Ọmọ mi ń wá ní gbogbo Sátidé, ó ń bá mi ra oúnjẹ, a jọ ń wo bọ́ọ̀lù, kò sì mẹ́nu bà á. Ó wù mí kí n béèrè. Ṣùgbọ́n a kì í béèrè irú rẹ̀ nílé tí wọ́n ti tọ́ mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rò pé mo rí i níbẹ̀ pé wọ́n ti jà.

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí ojú mi tó burú débi pé ọmọ mi fi ọkọ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Uptown. Dókítà tan iná sí i, mo yí orí. Ó bi mí pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti pẹ́," mo ní. "Láti ṣáájú Àjíǹde tó kọjá. Bí oòrùn bá ti ta sí i, àfi kí n fún un pọ̀ kí n sì yíjú."

Ọmọ mi, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, kò ṣíná.

"Dáádì, ọjọ́ tí mo mú u wá, ẹ wò mí."

"Mo wò ẹ́ báwo?"

"The look. Ẹ ṣe báyìí, ẹ wá yíjú." Ó ṣe é, ojú ìyá mi gan-an ni mo sì rí, ìyá mi tí ọmọ yìí kò bá láyé.

"Oòrùn ni!" mo kígbe. "Oòrùn ló gún mi lójú!"

Ó gbé orí lé sítíárì. "Ọmọbìnrin yẹn bi mí pé kí lẹ sọ. Mo ní ẹ ò sọ nǹkan kan. Ó ní, kí ló dé tí mo wá ń fi òun sílẹ̀? How do I explain that, Dáádì?"

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ṣé ẹ̀yin bi Grandma rí?"

Mo ní kó pe ọmọbìnrin náà.

"Ó ti pẹ́ jù, Dáádì."

"Pè é. Èmi ni màá sọ̀rọ̀."

Ó pè é, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta nínú ọkọ̀. "Ẹ káàsán, sà," ni obìnrin náà wí, bí ẹni ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ròyìn ojú mi fún un. N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo lè bí lọ́mọ rí, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Jọ̀wọ́, ọmọ mi," mo ní, "má bínú. Mi ò kọ̀ ẹ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé inú.

"Oòrùn, Dáádì? Oòrùn Houston yìí náà? See me see trouble o." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, sà. Ẹni tó lẹ́nu tí kò fi béèrè ló ṣẹ̀ mí. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti ń bá ẹlòmíràn lọ, a ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ máa lo oògùn yín déédéé o, sà."

Ọmọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ṣíná, a bọ́ sójú ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ bí mo ti máa ń ṣe ni, ǹ bá dákẹ́ títí délé. Ṣùgbọ́n mo lanu. Mo sọ fún un pé ìwà ọmọbìnrin náà wù mí, pé nígbà tó ní òun á bá mi sọ tèmi, ìyàwó mi, ìyá rẹ̀, ni mo rántí. Mo ní mo fẹ́ béèrè rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní mo rò pé ìwà ni mò ń kọ́ ọ ní kékeré, ó sì jẹ́ pé ìbẹ̀rù wà nínú ohun tí mo kọ́ ọ, bó ṣe wà nínú èyí tí wọ́n kọ́ èmi náà. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Ibi tí kò bá yé e, ó ń dá mi dúró, ó ń béèrè. Lórí freeway, àwọn ọkọ̀ ń wọ́ bí ìgbín. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo dákẹ́.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Dáádì," ó ní. "Mò ń gbọ́."