Dàdá Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Fá

Ẹ pè mí ní òpùrọ́ tó bá wù yín. Àpá ìka márùn-ún ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi, èmi kọ́ ni mo sì fi í sí ara mi lára.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan n'Ìbarà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ orí. Wọ́n gbé ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan wá láti ọ̀nà Odeda. Ó ń bì láràárọ̀, ojú rẹ̀ sì ń ṣú lọ. Fọ́tò orí ló tú àṣírí: kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀, irú èyí tí dókítà wa ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun tíì rí. Tí wọn ò bá tètè yọ ọ́, ọmọ náà máa kú.

Dàdá ni. Abẹ ò kan orí rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n ìyá ló tẹ̀lé e wá, ó sì gbé ìkòkò amọ̀ tuntun dání.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, inú ìkòkò yìí ni kí ẹ kó irun ẹ̀ sí. Ìyá ẹ̀ ló fi irun yẹn lé mi lọ́wọ́ kó tó kú."

"Màmá, ibí kì í ṣe ojúbọ o."

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Kí ni ì bá ná mi tí mo bá kó irun náà fún un? Ìgbéraga lásán ni. Mo fá a, mo kó o sínú ọ̀rá ìdọ̀tí méjì, wọ́n sì gbé ọ̀kan lọ sun, èkejì ṣì wà ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Ọ̀sán gangan ni o. Wọ́n ti gbé ọmọ wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà kí n lè pààrọ̀ aṣọ. Ẹ gbà mí gbọ́, mo tì í.

Ẹnì kan gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Obìnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Irun ọmọ mi dà?" Ó rọra sọ ọ́ ni.

Kí n tó lanu, ó ti gbá orí mi mọ́ ògiri. Ó tún gbá a. Eyín mi kan já, ẹ̀jẹ̀ dí mi lójú, ó sì ń gbá a lọ, gbì, gbì. Mo na ọ̀rá tó kù sí i. Ó jù mí sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn, èmi àti ọ̀rá irun náà nìkan ni wọ́n bá. Mo júwe obìnrin náà fún màmá oníkòkò. Ó bú sẹ́kún.

"Àbúrò mi nìyẹn."

Ó kó irun tó kù sínú ìkòkò. Ìdajì ni. Ní ìrọ̀lẹ́, dókítà jáde, ó ní ìdajì kókó náà lòun rí yọ, ìyókù wà níbi tí abẹ ò lè dé. Ọmọ náà ṣì ń gba ìtọ́jú oníná tí wọ́n fi ń jó ìyókù kókó náà n'Ìbàdàn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Èmi náà ti ń bì láràárọ̀ báyìí. Wọ́n ní kí n wá ya fọ́tò orí, mi ò tíì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mú abẹ, ẹ gbọ́ tẹni tó lorí kí ẹ tó fá a. Mo ti ra ìkòkò tuntun, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò tíì rí ẹni tí màá bẹ̀ kó bá mi gbé e dání.