Ibi Tí Kẹ́mísìrì Ti Rú Mi Lójú

Oṣù méjì péré ni mo fi múra nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Mo rò pé ó tó. Mo máa ń ṣe dáadáa ní kíláàsì, bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Okere, ní Warri, sì ti ń pè mí ní dókítà kí n tó mọ ohun tí dókítà ń ṣe. Ará Ọ̀yọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ẹ wá kí dókítà mi."

Nígbà tí èsì jáde, máàkì mi ò sún mọ́ ti ìṣègùn rárá. Bàyọ́lọ́jì dára, Gẹ̀ẹ́sì náà dára. Kẹ́mísìrì ló fà mí lulẹ̀ jù. Bàbá mi wo fóònù mi títí, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Lọ jẹun." Mi ò lè jẹun.

Ìyá Ìlàjẹ kan máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ bàbá mi. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ní Ekete lọ́jọ́ Sátidé. Mo kó ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá sínú báàgì, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ. Wọn ò tiẹ̀ ṣí ìwé náà.

"Ibo ni kẹ́mísìrì ti kọ́kọ́ rú ọ lójú?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, mà."

"Irọ́ ni. Ibì kan ló ti bẹ̀rẹ̀."

A bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi ní kẹ́mísìrì, láti SS3 dé SS2, títí a fi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣírò mólì ní SS1. Mo ní, "Ibí ni, mà." Mo rántí taamu náà dáadáa: tíṣà kẹ́mísìrì wa ti rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo, ilé ìwé ò sì tètè rí ẹlòmíì. Olórí kíláàsì ló ń kọ nóòtì sójú pátákó, àwa ń dà á kọ. Mo há a sórí, mo yege, mo sì gbàgbé ẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa lẹ́yìn ìyẹn, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé e lé.

"Kì í ṣe oṣù méjì yẹn ló ṣe ọ́," ni ìyá náà wí. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

Mo padà sílé, mo yá ìwé àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1. Torí pé òun náà nílò ìwé rẹ̀, a jọ ń jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́. Èmi á ṣàlàyé ní Yorùbá, òun á fi Pidgin bi mí ní ìbéèrè tó máa ń ká mi lọ́wọ́ kò. Mo ní láti lóye ẹ̀ dénú kí n tó lè dá a lóhùn.

Inú bàbá mi dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn èèyàn pé dókítà méjì lòun ní. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi dá a dúró.

"Daddy, na only one o. Me, na ship I wan dey build."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Kí ló wí?" Ó kúkú gbọ́ Pidgin dáadáa.

"Ó ní dókítà kan ṣoṣo lẹ ní, ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ máa kàn."

Ó tún bi mí. "Ìyẹn náà, ṣé SS1 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò pè é ní dókítà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́dún kejì mo tún ìdánwò náà ṣe. Máàkì mi ò fi bẹ́ẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ó gbé mi wọlé. Mo ti wà ní ọdún kẹta nínú ìṣègùn báyìí. Àwọn òbí láti Warri máa ń pè mí, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ló yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìmúra. Mo máa ń sọ fún wọn pé SS1 ni, kí ọmọ má ṣe fo ohun tí kò yé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan pè, ọmọ tiwọn wà ní pírámárì kẹta. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ ṣeré.